Ọjọ́ tí Oríkèé Irin Já ní Èjìnrìn

Ẹni tí ó bá ní jíìpù àtijọ́ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, etí ni ó fi ń wà á. Mo mọ bí bẹ́ríngì tèmi ṣe ń kùn. Mo mọ bí béèlítì rẹ̀ ṣe ń han tí òjò bá ta sí i láàárọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ká-ká-ká láti ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún, níbi tí mo ti ń yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gáréèjì Ìkòròdú, mo ti mọ ohun tí ó jẹ́ kí n tó dúró.

Síífíì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Oríkèé irin ni, ó wà ní ìparí ọ̀pá ṣáàfútù tí ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà iwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ le. Táyà iwájú gbọ́dọ̀ máa yí, ó sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí a bá ti yí sítíárìn, síbẹ̀ agbára kò gbọdọ̀ já láàárín. Ife irin kan ni, ó tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Nínú ife náà ni irin kékeré kan wà tí ó dàbí ìràwọ̀, bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà sì wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ipa tirẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí a dá ojú mẹ́fà sí lára bí àgò adìyẹ ni ó di àwọn bọ́ọ̀lù náà mú kí wọ́n má bàa fọ́n ká. Gíríìsì dúdú ni ẹ̀mí gbogbo wọn. Bí omi tàbí iyanrìn bá wọ inú gíríìsì náà, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìkòròdú. Kò sí ẹni tí ó gbà mí síṣẹ́ mọ́tò rí. Ìwé ni mo kà, mo wo fídíò nínú fóònù, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ́ ìyókù. Ohun tí mo bá tú, mo máa ń wọn ọ́n, mo máa ń ya àwòrán rẹ̀, mo máa ń kọ iye nọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó dà á padà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ti di àìsàn sí mi lára. N kò bá wọn jiyàn.

Màmá ni ẹni kejì tí ó gbọ́ ariwo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Èjìnrìn ni ó ń gbé, ní ilé ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú, létí ọ̀sà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti dàgbà díẹ̀, láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà títí mo fi wọ girama. Mo máa ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún síwájú, ó ń wò mí bí mo ti ń yí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Kí ló ń ké lẹ́sẹ̀ mọ́tò ẹ yẹn?"

"Oríkèé ni, Màmá. Ó ti jẹ díẹ̀."

"Oríkèé tèmi náà ń ké. Èwo ló máa kọ́kọ́ bọ́ nínú àwa méjèèjì?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó.

"Ọkọ mi, tí Ọlọ́run bá pè mí, ẹ má sin mí síbí o. Ẹ gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Mo ti ṣe ìyàwó nílé yìí, mo ti ṣe é tán. Àwọn baba wa ti ṣí kúrò l'Ékòó lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó dó s'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Èmi ò fẹ́ tún ṣí lọ síbòmíì nínú ikú."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn."

"Ọ̀rọ̀ wo ló kù? Mo ti sọ fún àbúrò ọkọ mi, ó gbọ́. Mo sọ fún ìyá ẹ, ẹkún ló ń sun. Ìwọ ló kù. Ìwọ lo ní mọ́tò."

"Mo gbọ́. Èmi fúnra mi ni màá gbé yín."

"Pẹ̀lú mọ́tò tó ń ké bí adìyẹ tó fẹ́ yé?"

"Màá tún un ṣe, Màmá."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di tèmi nìyẹn. Kì í ṣe nítorí pé ọ̀nà Èjìnrìn kò dára nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìgbà òjò, láti ojú títì Ẹ̀pẹ́ wọlé, jíìpù nìkan ni ó lè gbà á. Mo ti ṣèlérí.

Bàbá kan tí ó ti apá Ọ̀yọ́ wá ni ó ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ó máa ń jẹ́ kí n lo ibẹ̀, yóò jókòó sórí táyà àtijọ́, yóò máa wò mí. Tíṣà ni ó ń pè mí. Mo gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, mo sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Mo bọ́ táyà iwájú, mo bọ́ bíréèkì, mo fi wáyà so ó rọ̀ kí ọ̀pá epo rẹ̀ má bàa gbé ẹrù. Mo bọ́ họ́ọ̀bù tí táyà ń dúró lé àti bẹ́ríngì méjèèjì, mo wá fa ṣáàfútù jáde díẹ̀díẹ̀ kí n má bàa fi eyín rẹ̀ ya rọ́bà tí ó ń dá epo dúró. Mo fi kẹrosíìnì fọ oríkèé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo nù ún gbẹ, mo yọ àwọn bọ́ọ̀lù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi èékánná tọ inú ipa wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń dán, ó ń yọ̀ bí gíláàsì. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èékánná kọ́ nínú kòtò kékeré kan. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó jẹ, ẹ̀gbẹ́ tí bọ́ọ̀lù máa ń tì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ojú kan ló ti fi ń jẹun látọjọ́ yìí," ó ní. "Gbé tọ̀tún sósì, gbé tòsì sọ́tùn-ún. Ojú kejì náà á wá jẹ tiẹ̀."

Mo dúró mo rò ó. Òtítọ́ ni. Tí a bá gbé oríkèé ọ̀tún lọ sí òsì, apá òdìkejì ni agbára yóò máa gbà tì í, ojú tí kò tíì jẹ ni yóò sì bọ́ sábẹ́ ẹrù. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo ti kà. Inú mi dùn débi pé mo ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ṣùgbọ́n rìfáàsì, Tíṣà," Bàbá ní. "Rìfáàsì ló máa bọ́ sí ojú tó ti jẹ. Tí o bá fẹ́ fi ẹ̀yìn gun òkè, má tẹ sítíárìn débi tó le, má sì fún un níná."

"Ta ló ń fi rìfáàsì rìn, Bàbá?"

"Ẹni tó bá kọjú sógiri ni. Bí o bá rí tuntun, ra tuntun. Èyí ò ju ká fi sáré díẹ̀ lọ."

Mo ti rí tuntun. Mo ti gbé e lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó fúyẹ́, ipa inú rẹ̀ kò sì dán. Mo sọ fún ara mi pé ayédèrú ni, pé irin àtijọ́ tèmi sàn jù ú lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọgbọ́n náà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ kí irin náà ṣiṣẹ́ nítorí pé èmi ni mo yí i padà. Mo tú tòsì náà, mo gbé tọ̀tún sósì àti tòsì sọ́tùn-ún, mo fi gíríìsì tuntun kún wọn, mo pààrọ̀ rọ́bà, mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo yípo gbogbo pápá kan tí ó wà nítòsí, mo tẹ sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. N kò gbọ́ ohunkóhun. Síwájú nìkan ni mo yípo.

Nígbà tí mo tún dé Èjìnrìn, Màmá tẹ́tí.

"Adìyẹ ti yé?"

"Ó ti yé, Màmá."

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ní ìgbà òjò, ìyá mi pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti lọ, lójú oorun. Ó ní òun ti wà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ ilé ti ń gbẹ́ sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá wọn. "Ìwọ ni o máa gbé e wá. Ẹ rí i pé ẹ dé kí ìrun Alaásárì ìrọ̀lẹ́ tó kọjá." Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ ọjà ni mo bá Èjìnrìn. Ní orí òkè, níbi tí ọ̀nà ti yà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé Màmá, wọ́n ti pàtẹ gààrí àti ẹ̀gẹ́ àti agbọ̀n ẹja sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀nà tí ó sọ̀ kalẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju jíìpù lọ, ògiri wà lápá kan, gọ́tà wà lápá kejì, ilé ni ó wà nísàlẹ̀, omi ni ó kàn. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò yí ọkọ̀ padà lókè, yóò fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè fi iwájú jáde. Obìnrin kan tí ó ń ta gààrí tilẹ̀ dìde.

"Bùọ̀dá, ṣé ká ṣí ọjà díẹ̀ kẹ́ ẹ rí mọ́tò yí?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Ó máa gòkè bẹ́ẹ̀."

Mo fi iwájú sọ̀ kalẹ̀.

Àbúrò ọkọ Màmá, bàbá tí ó jẹ́ lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré tí ó wà níbẹ̀, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ti ń wẹ òkú nínú ilé. Ọkùnrin kan tí ó ní ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì dúró tì í.

"Ọkọ̀ mi ṣófo báyìí," ó sọ fún lèmọ́mù. "Tẹ́ ẹ bá kírun tán tẹ́ ẹ gbé Màmá wá, kí Alaásárì tó tó, a ti dé Ẹ̀pẹ́. Àmọ́ tí ọjà bá ti tú, èrò ló máa kún un, n ò ní lè padà mọ́."

Lèmọ́mù wò mí. "Ìwọ lo ni mọ́tò. Kí lo wí?"

"Bàbá, ọ̀nà ilẹ̀ ni Màmá ní kí n gbé àwọn gbà. Jíìpù máa gbé wọn."

Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn ní kí n gbé òun lọ ni. Ọlọ́kọ̀ náà gbọn èjìká, ó lọ.

A kírun sí i lára lẹ́yìn Àìlà, ìrun ọ̀sán. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wà lórí ìdúró, kò sì rọra bẹ̀rẹ̀. Mo ti ká ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, mo tẹ́ ẹní. A gbé Màmá wọ inú jíìpù nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Lèmọ́mù jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e kí ó má bàa yọ̀. Mo fi jíà sí rìfáàsì.

Ilẹ̀ amọ̀ ni ọ̀nà náà. Bí a ti gun ún kọjá ìdajì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ bàbá ṣọ́ọ̀bù wá sí mi lọ́kàn kedere. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n pe ènìyàn láti tì wá. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ni ó ń wò mí láti òkè. Mo tẹ sítíárìn dé òpin, mo sì fún un níná. Táyà iwájú yí lásán nínú amọ̀, ó yí, ó yí, lẹ́yìn náà ó rí òkúta kan dì mú.

Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró náà kò pọ̀, ó dàbí ìgbà tí a bá fi òòlù lu odó irin. Sítíárìn há mọ́ mi lọ́wọ́, kò lọ sọ́tùn-ún, kò bọ̀ sósì. Jíìpù yọ̀ díẹ̀, ó fara ti etí gọ́tà, ó dúró.

"Kí ló ṣe é?" lèmọ́mù béèrè.

"Oríkèé ti já, Bàbá."

"Èyí tí o ní o tún ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo sáré lọ sí etí omi. Òjò ti tú ọjà ká, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì gbogbo ti lọ. Ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà nìkan ni ó kù, afẹ́fẹ́ sì ti gbé ìgbì sójú ọ̀sà. Mo sáré gòkè. Bọ́ọ̀sì méjì péré ni ó ṣẹ́kù. Awakọ̀ kan ní òun kì í gbé òkú. Èkejì yí gíláàsì rẹ̀ sókè. Mo pe ìyá mi, ó rán káà kan láti Ẹ̀pẹ́, omi tí ó bo ojú ọ̀nà dá a padà kí ó tó rìn jìnnà sínú ọ̀nà Èjìnrìn. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Màmá padà sínú ilé tí a ti gbé e jáde.

Mo wọ abẹ́ jíìpù. Mo ní irinṣẹ́, mo mọ iṣẹ́ náà, mo rò pé tí mo bá yọ irin tí ó fọ́ kúrò, sítíárìn yóò tú, táyà ẹ̀yìn nìkan yóò sì lè gbé wa. Mo fi pátákó tẹ́ abẹ́ jáàkì kí ó má rì. Ó rì. Mo tún fi òmíràn tẹ́ ẹ. Omi ń ṣàn wọ inú họ́ọ̀bù bí mo ti ń tú u. Ó gbà mí ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tí mo fa ṣáàfútù jáde, irin ìràwọ̀ inú rẹ̀ ti pín sí méjì, àgò rẹ̀ ti ya, bọ́ọ̀lù méjì ti há sí ibi tí kò yẹ kí wọ́n wà. Mo fi àtàǹpàkò nu ojú tí ó ti bú. Kòtò tí èékánná mi ti kọ́ rí ni, ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ra tuntun méjì lẹ́yìn ìgbà náà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ méjì, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan. Ẹ fi èékánná wo ipa rẹ̀ kí ẹ tó san owó. Ẹ má fi gíríìsì lásán kún un, èyí tí ó ní lẹ́búlẹ́bú dúdú nínú ni kí ẹ béèrè. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá epo ti ń yọ sí ara rẹ̀. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò ní rìfáàsì. Ọkọ̀ tèmi kò ké mọ́. N kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn wíwà á mọ́.

A ti pe Alaásárì nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ lèmọ́mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Ó ti tó," ó ní.

"Bàbá, ó ku díẹ̀. Tí mo bá dá họ́ọ̀bù padà, a ó..."

"Ọjọ́ ti ń lọ. A kì í fi òkú dúró de mọ́tò."

"Màmá ní Ẹ̀pẹ́ ni..."

"Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Mo gbọ́ wọn ju ìwọ lọ. Ilẹ̀ Ọlọ́run náà ni. Pe ìyá ẹ."

Mo pè é. Mo ṣàlàyé.

"Ṣé wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa?" ó béèrè.

"Wọ́n wẹ̀ ẹ́, Mà."

"Ṣé ẹ ti kírun sí i lára?"

"A ti kírun."

"Ẹ sin ín."

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Èmi ni ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á, nítorí èmi ni ọkùnrin tí ó súnmọ́ ọn jù níbẹ̀. Lèmọ́mù wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi iyanrìn ha á, mo fi kẹrosíìnì nù ún. Gíríìsì dúdú náà ti wọ inú ẹran ara, ó wà nínú gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi títí dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí mo padà, ó tún wò ó, ó mi orí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ó sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró lókè, mo di ọwọ́ mi sẹ́yìn kí n má bàa fi kan aṣọ funfun náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi wà ní itẹ́ òkú, òun nìkan. Àwọn tí ó gbẹ́ sàréè náà ti fẹ́ dí i ní alẹ́ àná, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ dè mí. Wọ́n ti fi páànù bò ó nítorí òjò, ọkọ́ kan sì wà lórí òkìtì yẹ̀pẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ tútù. Ó ní kí n dìde.

"Dí i," ó ní.

Mo ṣí páànù náà. Sàréè náà jìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ mọ iṣẹ́. Mo dí i láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá rẹ̀, kò lọ. Nígbà tí yẹ̀pẹ̀ dé ojú ilẹ̀, èyí tí ó ṣẹ́kù kò kéré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ jọ sórí rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe.

"Má gbé òkìtì sí i," ìyá mi ní. "Tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ẹni tó bá ń kọjá má rò pé ẹnì kan wà níbẹ̀."